Bí mo ṣe sọ àdín di epo dísẹ́ẹ̀lì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Lítà àdín 10 ni mo lò, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún lára ẹ̀kùrọ́. Ọyẹ́ ti mú kó dì bí òrí, mo kọ́kọ́ yọ́ ọ, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo wá gbé e kaná nínú ìkòkò irin títí ó fi gbóná dé 110°C. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á máa ta pàràpàrà; ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí ẹ sọ̀ ọ́. Omi yẹn gan-an ló máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di ọṣẹ mọ́ni lọ́wọ́.

Mo wá wọn bí àdín náà ṣe kan tó. Mo po gíráàmù kọ́sítíìkì sódà 1 mọ́ lítà omi bátìrì 1 (omi ni o, kì í ṣe ásíìdì). Mo da mílílítà àdín 1 sínú mílílítà ọtí isopropyl 10 (sípíríìtì ni), mo kán phenolphthalein díẹ̀ sí i (oògùn tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà tí kọ́sítíìkì bá ti pọ̀ tó), mo sì ń fi omi kọ́sítíìkì náà kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí kò ṣá mọ́. Mílílítà 2 ló gbà. Ìyẹn ni pé gíráàmù kọ́sítíìkì 2 máa kún 3.5 tí lítà àdín kọ̀ọ̀kan ń gbà: gíráàmù 55 lápapọ̀ fún lítà 10. Tó bá gbà ju mílílítà 5 lọ, ẹ kúkú fi í se ọṣẹ.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kí methanol (ọtí olóró tó ń bá kọ́sítíìkì sọ àdín di dísẹ́ẹ̀lì) jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún epo. Epo pupa lè gba ìyẹn, àdín kò gbà á. Lítà 3 ni mo lò. Ojú lè fọ́ tí methanol bá wọ ara, iná rẹ̀ kì í sì í hàn lọ́sàn-án. Ìta gbangba ni mo ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Inú kẹ́ẹ̀gì oníke ni mo ti yọ́ kọ́sítíìkì sínú methanol náà, torí kọ́sítíìkì máa ń jẹ alumíníọ̀mù.

Nígbà tí àdín ti tutù dé 55°C, mo da àpòpọ̀ náà sí i nínú dúróòmù oníke tó ní ìdérí, tí mo gbé sínú omi gbígbóná, jìnnà sí iná. Mo rò ó fún wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 60, methanol ń hó ní nǹkan bí 65. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, gílísáríìnì ti rọ̀ sísàlẹ̀, ó dúdú bí oyin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 2. Mo fa epo òkè kúrò lórí rẹ̀.

Ibi fífọ̀ ni mo ti kù díẹ̀ káàtó. Mo da omi sí i, mo mì í pọ̀, ló bá di funfun bí ògì. Omi gbígbóná oníyọ̀ àti òru kan ló là á. Lẹ́yìn ìyẹn, wíwọ́n ni mo ń wọ́n omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, títí omi ìsàlẹ̀ fi mọ́. Mo tún gbé epo náà kaná díẹ̀díẹ̀ títí ó fi mọ́ gaara.

Mo dán an wò: mílílítà epo náà 3 nínú mílílítà methanol 27. Kò sí nǹkan tó sìn sísàlẹ̀, àdín tí kò tíì di dísẹ́ẹ̀lì kò ṣẹ́kù nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì nìkan ló wà fún. Ìdá 1 sí dísẹ́ẹ̀lì 4 ni mo pò. Ẹ ra asẹ́ epo tuntun sílẹ̀, torí yóò hú ìdọ̀tí àtijọ́ inú táǹkì jáde, asẹ́ á dí.