Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dí oríkèé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù bàbá mi

Píjò 504 píkọ́ọ̀pù ni o, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní PAN (Peugeot Automobile Nigeria) ní Kàdúná, ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ á mọ irú ẹ̀, òun ni wọ́n fi ń kó iṣu àti kajú wá látoko. Ó ti pẹ́ lábẹ́ máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa, ewé ń já sí i, ewé yẹn ló ń gba omi dúró sí gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnì ò ní wàhálà púpọ̀, ẹ̀yìn ló dógùn-ún.

Bàbá pánẹ́bítà gé ibi tó ti jẹrà, ó jó páànù tuntun sí i, iṣẹ́ ẹ̀ mọ́. Mo wo oríkèé, ibi tí páànù méjì ti gorí ara wọn, mo ní "Bàbá, oríkèé yìí ńkọ́?" Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, fílà ló máa bò ó (kì í ṣe fìlà orí o, fílà tí wọ́n ń fi oògùn pupa pò kó lè gan). Ẹ̀yìn mọ́tò tó ń kó ẹrù ń mì, oríkèé ẹ̀ ń sún díẹ̀díẹ̀, fílà sì le bí àwo, ó máa sán ni. Páànù méjì tó gorí ara wọn yẹn, wọn ò jó o látòkè délẹ̀, wọ́n kàn fi iná mú un ní tótòtó ni, àlàfo tó wà láàárín ń fa omi wọlé bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì, tómi bá sì ti wọ abẹ́ fílà tó sán, ibẹ̀ ló ń gbé. Mo ní "Ẹ ṣeun Bàbá, màá ṣe ìyẹn fúnra mi."

Ọgbọ́n mi wá gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù, mo ra silicone, mo fi dí i, ó ń dán gbinrin. Ìgbà tí pẹ́ńtà máa fín ọ̀dà sí i, ọ̀dà sá! Bí omi orí ewé kókò. "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fi síbí?" Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bíléèdì họ ọ́, mo fi tínà nù ún, mo tún fi sáńpépà ha á, torí kékeré tó bá ṣẹ́kù, ọ̀dà ò ní mú níbẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí àbúrò mi bá mi ra sílà (ohun tí wọ́n fi ń dí oríkèé) tara mọ́tò gan-an ní Gate n'Ìbàdàn, polyurethane. Mo fi wáyà brọ́ọ̀ṣì fọ oríkèé títí irin fi funfun, mo nù ún, mo kun epoxy primer (ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń dáàbò bo irin), mo jẹ́ kó sùn mọ́jú. Mo lẹ téèpù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo fi ìbọn ẹ̀ tẹ sílà wọnú oríkèé, mo wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá, mo fìka tẹ́ ẹ, mo sì tètè ṣí téèpù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fàwọ̀. Abẹ́ náà, mo dí i.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ló wà níta. Sílà yìí, omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mu kó tó gan, ọyẹ́ ò sì lómi, ọjọ́ kẹta ó ṣì ń rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù, eruku sì ń wá bà lé e. Mo ta tapólì bò ó, mo ń wọ́n omi sílẹ̀ yí i ká láàárọ̀ àti lálẹ́, àwọn ará ilé ní ṣé mò ń sin píkọ́ọ̀pù ni.

Àwọn ihò tómi ń gbà jáde ńkọ́? Mo ti fẹ́ẹ̀ dí ọ̀kan kí n tó rántí, mo sáré ki igi ìgbálẹ̀ bọ gbogbo wọn. Tí wọ́n bá dí, abọ́ omi lẹ gbé sẹ́yìn mọ́tò yẹn.

Nígbà tó gan tán, a dúró kílẹ̀ ṣú, àbúrò mi tan tọ́ọ̀ṣì lábẹ́, èmi wà lókè tí mò ń wò. Iná yọ bíńtín níbi tó bo táyà lápá òsì. Mo tún un dí.

Pẹ́ńtà padà wá, ọ̀dà mú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni bàbá pánẹ́bítà dé, wọ́n ní kí n fún wọn nínú sílà tó kù, wọ́n fẹ́ fi ṣe bọ́ọ̀sì kan. Mo gbé e fún wọn, ó ti gan sínú ike ẹ̀, mi ò dé e dáadáa.