Bí a ṣe ń gbé àwọn aṣẹ̀dá orin Final Fantasy yẹ̀wò kí a tó yan ẹni tí ó ta yọ

Bí àwọn ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn Final Fantasy, géèmù orí ẹ̀rọ láti Japan tí ó ní apá púpọ̀, bá jókòó pọ̀ ní Òṣogbo, yálà ní Ọláìyá tàbí ní Òkè-Fíà, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń di àríyànjiyàn lórí ẹni tí orin rẹ̀ dára jù lọ. Ọ̀pọ̀ a dárúkọ Nobuo Uematsu, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn Uematsu gidigidi, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a dájọ́ láìmọ irinṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ṣe èwo. Uematsu ni ó dá ṣẹ̀dá orin apá kìn-ín-ní, tí ó jáde ní ọdún 1987, títí dé apá kẹsàn-án ní ọdún 2000. Ní apá kẹwàá, ọdún 2001, Masashi Hamauzu àti Junya Nakano bá a dá sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yin Uematsu nítorí orin erékùṣù Besaid inú géèmù náà, tí ó jẹ́ iṣẹ́ Hamauzu. Hitoshi Sakimoto ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú apá kejìlá, Hamauzu ṣe ìkẹtàlá, Yoko Shimomura ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún, Masayoshi Soken sì ṣíwájú iṣẹ́ ìkẹrìndínlógún ní ọdún 2023.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n lò àti ọ̀nà ohùn rẹ̀, ìyẹn iye ohùn tí ó lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà ohùn márùn-ún péré ni Famicom ní, nígbà tí Super Famicom ní mẹ́jọ, tí PlayStation sì ní mẹ́rìnlélógún. Ẹni tí ó ní gángan kan ṣoṣo lọ́wọ́ kò lè lù bí ẹni tí ìyáàlù, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú yí ká. Ní ọdún 1994, nínú apá kẹfà, ẹ̀rọ kò lè gbé ohùn akọrin gidi nínú ìran eré onítíátà olórin, Uematsu sì fi ohùn ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀. Ní ọdún 1997, nínú ìjà ìkẹyìn pẹ̀lú Sephiroth, ọ̀tá àgbà apá keje, a gbọ́ ègbè àwọn ènìyàn gidi. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú earpiece bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ lè gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa.

Ẹ tún mú orin kan náà ní ọwọ́ oríṣiríṣi ènìyàn. Orin Chocobo, ẹyẹ ńlá tí a ń gùn nínú géèmù náà, ti wà láti apá kejì, ọdún 1988. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí nígbà náà, kí ẹ sì gbọ́ bí ó ṣe di orin ijó aláriyá ní apá kẹtàlá.

Ibi tí ìjà ti ń le jù ni orin Sakimoto. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní kò ṣe é fi ẹnu kọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ kí a máa kọ ọ́ lẹ́nu. Ó kọ ọ́ kí ó lè kún ojú ọjà ìlú Rabanastre inú géèmù náà àti aṣálẹ̀ tí ó yí i ká, nínú ìtàn tí ìjọba àti ogun gba iwájú. Nítorí náà, ẹ má ṣe dájọ́ rẹ̀ lórí fóònù nìkan. Ẹ fi géèmù náà ṣeré fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ rìn nínú ìlú náà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá tíì tẹ́ lọ́rùn, kí ó wá Final Fantasy Tactics ti ọdún 1997, tí Sakimoto ṣe pẹ̀lú Masaharu Iwata, nítorí ibẹ̀ ni irú ọ̀nà yìí ti hàn gbangba.

Ẹ bi ara yín pẹ̀lú pé apá wo ni ẹ kọ́kọ́ fi ṣeré ní ọmọdé, nítorí pé orin ìgbà èwe a máa ju ti gbogbo ènìyàn lọ lójú olúwarẹ̀.

Ní tèmi, Uematsu ni mo fi ṣíwájú nínú orin tí kì í kúrò lọ́kàn, Hamauzu sì ni mo fi ṣíwájú nínú bí a ṣe ń to dùùrù àti fáólíìnì pọ̀. Ẹni tí ó bá ní Sakimoto ju àwọn méjèèjì lọ, kí ó mú ìran kan wá láti apá kejìlá, kí a jọ gbọ́ ọ, kí ó sì fi hàn mí ohun tí orin náà ṣe nínú rẹ̀.