Bí mo ṣe sọ ológbò ìta di ológbò inú ilé

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Dúdú fi jẹ̀ kiri. Bó bá jẹun tán, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tó bá wù ú ló ń wọlé. Ìgbà tó ti ìjà dé lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú etí yíya àti ọrùn wíwú ni dókítà ẹranko fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn mí: eyín ológbò mìíràn ti ti ìdọ̀tí wọnú ẹran ara rẹ̀, awọ ti pa dé lé e lórí, ọyún wá ń gbá jọ nísàlẹ̀. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, kò ní jáde mọ́. A ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá láti kékeré, ìyẹn sì ràn mí lọ́wọ́, torí akọ tí a kò tẹ̀ kò ní yé wá abo kiri.

Yàrá kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ fi í sí. Imú ni ológbò fi ń mọ ibi tó jẹ́ tirẹ̀. Á máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra igun ògiri àti ẹsẹ̀ àga kí òórùn ara rẹ̀ lè wà níbẹ̀, yàrá kékeré ló sì máa tètè gba òórùn náà. Mo gé ojú ọ̀nà sára páálí kan, mo dà á dé sí kọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ ló sá pamọ́ sí fún ọjọ́ méjì. N kò fà á jáde.

Ìgbẹ́ ló wá di wàhálà. Mo ra iyanrìn ológbò olóòórùn dídùn (èmi ni òórùn náà dùn mọ́, kò kàn án), mo dà á sínú ike pẹrẹsẹ. Dúdú wọ inú rẹ̀, ó fimú fín-ín-fín-ín, ó gbọn ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó tẹ omi, ó bọ́ síta, ó lọ ṣu sínú ìkòkò òdòdó mi. Yẹ̀pẹ̀ ló mọ̀! Mo wá iyanrìn tí kò lóòórùn, mo lọ bu yẹ̀pẹ̀ níbi tó máa ń ṣu sí lẹ́yìnkùlé, mo dà á lé e lórí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló walẹ̀, tó ṣu, tó sì bò ó mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń dín yẹ̀pẹ̀ náà kù, títí ó fi ku iyanrìn nìkan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tún gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ jìnnà síbẹ̀, torí ta ló fẹ́ jẹun nílé ìyàgbẹ́?

Ìkòkò òdòdó yẹn náà ló jẹ́ kí n yẹ ohun tí mo gbìn sínú ilé wò. Lílì kan wà níbẹ̀. Mo gbé e jáde kíá. Gbogbo ara lílì, títí dé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó rẹ̀, ló ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ juwọ́ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á jókòó ti ilẹ̀kùn, á máa ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó sú mi, mo ṣílẹ̀kùn. Ó padà láàárọ̀ láìfarapa, àmọ́ ó ti rí i pé béèyàn bá ké pẹ́, ilẹ̀kùn á ṣí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, igbe rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo di etí mi.

Mo wá ṣàkíyèsí pé kì í ké lọ́sàn-án. Oorun ló ń sùn. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀, àkókò tí ológbò ń ṣọdẹ. Mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì fún un ní òmíràn.

Mo so ìyẹ́ mọ́ okùn, mo so okùn mọ́ igi. Níbẹ̀rẹ̀, mo ń jù ú fìrìfìrì síwájú ojú rẹ̀, ó kàn ń wò mí. Eku wo ló ń sáré wá pàdé ológbò? Mo bá ń wọ́ ọ lọ sẹ́yìn àga, mo dúró, mo tún mì ín díẹ̀. Ló bá lúgọ. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ ń mì légelège, ó fò mọ́ ọn! Mo jẹ́ kó mú un dáadáa, kó já a jẹ. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni mo fi ń ṣe é, lẹ́yìn náà ni mo ń gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀. Á jẹun, á bọ́jú, á sùn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí igbe ìrọ̀lẹ́ fi dáwọ́ dúró. Mo máa ń fi okùn náà pamọ́ bí a bá ṣeré tán: ẹ̀gún ahọ́n ológbò dojú kọ ọ̀fun, kò lè tètè tu okùn dànù, ó sì lè lọ́ mọ́ ọn nífun.

Àga mi jìyà èékánná rẹ̀ díẹ̀ kí n tó we okùn líle mọ́ òpó igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òpó náà ní láti ga tó kí Dúdú lè na ara tán, kó má sì mì. Mo kan pákó sí ojú fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì lílágbára, ibẹ̀ ló ń jókòó wo ẹyẹ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Igbe ìdájí nìkan ló kù. Bó bá di aago 5, á gun àyà mi, á máa fọwọ́ tẹ̀ mí lẹ́nu. N kì í lajú. Aago 6 ni mo ń dìde fún un lóúnjẹ, ó sì ti ń sún àkókò tó ń jí mi sí aago 5 àtààbọ̀ báyìí.