Alákàn ló kọ́kọ́ pa mí: bí mo ṣe la ìbẹ̀rẹ̀ Morrowind já

Kò sí ìtìjú tó dà bíi kí alákàn pa ènìyàn. Kì í ṣe kìnnìún, kì í ṣe iwin. Alákàn etí omi lásán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa mí lálẹ́ ọjọ́ kan, níṣojú ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ ọdẹ, nínú yàrá mi ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí kò jìnnà sí Akàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa.

Morrowind ni géèmù náà. Ọdún 2002 ló jáde, ìyẹn ló jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo rà ní Kùtọnu lè gbé e. Ẹlẹ́wọ̀n ni ọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi gbé ọ dé abúlé kan tó ń jẹ́ Seyda Neen, wọ́n tú ọ sílẹ̀, wọ́n mú ọ wọ ọ́fíìsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́: ẹ̀yà wo ni ọ́, iṣẹ́ wo lo mọ̀ ọ́n ṣe, abẹ́ ìràwọ̀ wo ni wọ́n bí ọ sí. Ẹni tó bá ti gba ẹnubodè kọjá rí mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń dáhùn kí n lè tètè jáde ni.

Mo mú ẹ̀yà Redguard nítorí wọ́n mọ idà lò. Ìmọ̀ọ́ṣe 27 ló wà nínú géèmù náà. Wàá mú 5 tó ṣe pàtàkì jù, wàá mú 5 mìíràn tẹ̀ lé e, ìyókù á wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo fi Long Blade, ìyẹn idà gígùn, ṣe àkọ́kọ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó bá ti wù mí ni mò ń mú: fífò sókè, ọ̀rọ̀ dídùn, oògùn pípò, ṣíṣí àgádágodo. Mo fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀bẹ ìjà kan wà lórí tábìlì nínú ilé yẹn. Mo mú un. Faransé ni mo kà nílé ìwé, mi ò sì ní sùúrù láti máa túmọ̀ gbogbo Gẹ̀ẹ́sì inú géèmù. Ọ̀bẹ ni, idà ni, ṣebí irin ni gbogbo wọn. Mo jáde, mo sáré lọ sétí omi, mo rí alákàn, mo fi ọ̀bẹ gún un. Mo rí i kedere tí ọ̀bẹ wọlé sí i lára. Alákàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Bàbá Ọdẹ jókòó sórí àpótí lẹ́yìn mi, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí mo kú lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní, “Ọmọ yìí, kí ló ń lé e?”

Mo ní, “Kò sóhun tó ń lé e, Bàbá.”

“Kí ló wá ń sá fún? Láti ìgbà tí mo ti jókòó, n kò tíì rí i kó rìn. Ẹni tó bá sáré dé ọ̀dọ̀ ẹran, èémí rẹ̀ ló máa gbọn ìbọn dànù.”

Mo wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: pupa ni ẹ̀mí, búlúù ni agbára idán, èyí tó ní àwọ̀ ewé ni okun inú ara. Ti ewé ti tán pátápátá. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń rí i. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Mo wá fara balẹ̀ kà nípa rẹ̀. Nínú Morrowind, kí irin kan ọ̀tá lójú rẹ kò túmọ̀ sí pé ó ti bà á. Géèmù ń ṣẹ́ kèké ní kọ̀rọ̀. Á mú ìmọ̀ọ́ṣe rẹ nínú ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ rẹ, á fi ìdá kan nínú márùn-ún Agility rẹ, ìyẹn ìyára ara, kún un, á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá Luck rẹ, ìyẹn oríire, kún un, á wá sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 1.25 bí okun rẹ bá kún, tàbí 0.75 bí ó bá ti tán. Short Blade, ìyẹn idà kúkúrú, ni wọ́n ka ọ̀bẹ sí, 10 péré ni mo sì ní nínú rẹ̀. Àròpọ̀ mi jẹ́ 22. Nítorí pé mò ń sáré, kò pé 17 nínú 100, wọn ò sì tíì yọ ti ìyẹ̀ra alákàn kúrò. Long Blade mi jẹ́ 50. Ká ní idà gígùn ló wà lọ́wọ́ mi, tí mo sì rìn lọ bá alákàn, mi ò bá ti ní 77. Mo ka nọ́ńbà wọ̀nyí fún Bàbá. Wọ́n ní àwọn ò nílò ìṣirò láti mọ̀ ọ́n.

Mo pa ẹni àkọ́kọ́ yẹn rẹ́, mo dá òmíràn. Redguard náà ni, ṣùgbọ́n mo bá ara mi sọ òtítọ́ lọ́tẹ̀ yìí: jagunjagun ni mo fẹ́ jẹ́. Mo mú Long Blade, Block fún asà, Armorer kí n lè máa tún irin mi ṣe fúnra mi, Restoration kí n lè wo ọgbẹ́ sàn, àti Heavy Armor. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, kì í sì ṣe nítorí ẹ̀wù irin nìkan. Endurance, ìyẹn ìfaradà, ló ń darí rẹ̀. Nígbàkígbà tí o bá gòkè ní ìpele kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá Endurance rẹ ni wọ́n ń fi kún ẹ̀mí rẹ, wọn kì í sì san owó ẹ̀yìn: bí o bá pẹ́ kó o tó gbé e sókè, èyí tó ti kọjá ti kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìràwọ̀ Lady, tó ń fi 25 kún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò mú Athletics, ìyẹn eré sísá, rárá. Sísáré lásán á máa gbé ọ ga ní ìpele, àwọn ọ̀tá á sì máa le sí i, nígbà tí ọwọ́ rẹ kò tíì mọ idà.

Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ìyẹn 87, ni owó tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo gun silt strider, kòkòrò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó jẹ́ zemidjan (ọ̀kadà) ibẹ̀, lọ sí ìlú Balmora. Mo fi ìwé tí wọ́n rán mi jíṣẹ́ fún ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Caius Cosades, ó fún mi ní 200. Mo fi ra idà gígùn, mo sì wọ ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn? Eku mẹ́ta nínú ilé obìnrin kan tó kó ìrọ̀rí jọ bí ẹni fẹ́ ṣí ọjà. Bàbá Ọdẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há wọn lọ́fun.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá títí ìlà ewé fi kún. Mo rìn wọlé. Mo tẹ bọ́tìnì, mo dì í mú, idà lọ sẹ́yìn pátápátá kí n tó tú u sílẹ̀. Bí o bá kàn ń tẹ̀ ẹ́ wéréwéré, ńṣe lo kàn ń yún ọ̀tá lára. Ìgbà àkọ́kọ́ tàsé. Ìkejì bà á, mo gbọ́ ìró rẹ̀, eku náà sì ṣubú sórí ìrọ̀rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo padà sí ihò Addamasartus lẹ́gbẹ̀ẹ́ Seyda Neen, níbi tí àwọn oníṣòwò ẹrú sá pa mọ́ sí. Mo dúró, mo mí, mo wọlé. Mo sá jáde lẹ́ẹ̀mejì láti wo ọgbẹ́ mi. Ìgbà tó yá, kò ku ẹnì kankan nínú wọn. Ní inú lọ́hùn-ún, mo bá àwọn ènìyàn kan nínú àhámọ́.

“Ta ni àwọn wọ̀nyẹn?” Bàbá ti dìde kúrò lórí àpótí.

“Ẹrú ni wọ́n, Bàbá.”

Wọn ò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Ní ìdílé wa, wọ́n ṣì ń ka orúkọ àwọn tí ogun Dàhómì kó lọ nígbà tí Kétu fọ́ ní 1886.

“Kọ́kọ́rọ́ dà?”

“Mo rí i lára ọ̀kan nínú àwọn tí mo pa.”

“Kí lo wá ń dúró wò?”

Mo ṣí i fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.