Bí Mo Ṣe Gbé Ọmọ Oṣù Méje Wọ Bàálù

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi ni pé kí n ṣe sùúrù, pé ọmọ á sunkún nínú bàálù, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Èmi ò gbà. Ẹkún ọmọ kì í ṣàdédé wá. Bí kì í bá ṣe ebi, oorun ni, tàbí ìlédìí tó tutù, tàbí etí tó ń dun ún. A ti mọ àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ láti ilé. Etí ni àlejò, òun ni mo sì fi ṣètò gbogbo ìrìnàjò náà.

Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ yanjú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè jókòó lórí ẹsẹ̀ òbí rẹ̀. Bí ìrìnàjò bá jẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń gba nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 owó àgbàlagbà lórí ọmọ bẹ́ẹ̀, owó orí tún wà níbẹ̀. Kò ní ìjókòó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ máa pé ọdún 2 kí wọ́n tó padà, kó tètè mọ̀ pé ọmọ náà á nílò ìjókòó ní àbọ̀. Ká sọ òótọ́, ìjókòó ọmọ tí wọ́n fọwọ́ sí fún bàálù, tí a dè mọ́ àga tirẹ̀, ló láàbò jù, nítorí bí bàálù bá mì jìgìjìgì lójijì, ọwọ́ nìkan kò lè di ọmọ mú. Owó àga kejì ni kò sí lọ́wọ́ mi.

Bí mo ṣe sanwó tán ni mo pè wọ́n pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri iwájú. Díẹ̀ ló ń wà nínú bàálù kan, ẹni tó bá tètè béèrè ló ń rí i. Mo béèrè ìwọ̀n tó lè gbé, nítorí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, mo sì wọn ọmọ nílé. Bẹ́ẹ̀dì yìí dára, àmọ́ kò dára tó bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Nígbàkigbà tí iná bẹ́líìtì bá tàn, wọ́n á ní kí ẹ gbé ọmọ jáde, ì báà jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Kò sì sí àga níwájú tí ẹ lè ti àpò bọ abẹ́ rẹ̀. Òkè ni àpò ń wà títí bàálù á fi gòkè tán, nítorí náà mo kó ìlédìí kan, aṣọ ìnujú àti ìgò wàrà sínú àpò kékeré tí mo gbé kọ́rùn.

Ẹnì kan dámọ̀ràn oògùn tó ń múni sùn. Dókítà ọmọ mi ní rárá, pé àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń lé oorun kúrò lójú wọn. Ó yẹ etí ọmọ wò, ó rí i pé kò sí àrùn níbẹ̀, kò sì ní ọ̀fìnkìn. Ó tó mi.

Ní ibi àyẹ̀wò, òfin pé ohun olómi kò gbọ́dọ̀ ju mìlílítà 100 lọ kò de wàrà ọmọ, bí kò bá ṣáà ti pọ̀ kọjá ohun tí ọmọ nílò. Kí àpò tó wọ inú ẹ̀rọ ni mo ti gbé ìgò náà jáde, tí mo sọ pé ti ọmọ ni. Wọ́n ní kí n gbé ọmọ kúrò nínú àpò ìgbọ́mọ tí mo so mọ́ àyà, kí àpò náà gba ẹ̀rọ kọjá. Kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń ti ọmọ, a jọ dé ẹnu ọ̀nà bàálù ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti so àmì mọ́ ọn, tí wọ́n gbé e lọ sísàlẹ̀.

Wọ́n pe àwọn olọ́mọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Mi ò lọ. Kí ni mo fẹ́ fi àfikún àkókò lórí ìjókòó ṣe pẹ̀lú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrákò? Mo jẹ́ kó ràkò títí ìlà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bàálù ló ní pákó tí a lè tẹ́ ọmọ lé. Inú ìjókòó, wọ́n fún mi ní bẹ́líìtì kékeré ti ọmọ, tí a ń fi kọ́ tèmi. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń lò ó, Amẹ́ríkà kò gbà á láyè.

Ó wá ku etí. Lókè lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fún sínú bàálù kì í ki tó ti ilẹ̀. Bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400 ló ń rí. Nígbà tí a bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn awọ ìlù etí máa ń rọ́nà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ ni wàhálà dé, nítorí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ihò tóóró tó so etí mọ́ ọ̀fun padà wọlé, ihò náà a sì máa pa dé. Bí a bá gbé nǹkan mì tàbí tí a yán, á ṣí. Àgbàlagbà á gbé itọ́ mì. Ihò ti ọmọ ọwọ́ tún kéré ju tiwa lọ, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé itọ́ mì. Mímu ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìdí nìyí tí mi ò fi jẹ́ kó mu àmuyó láàárín ọ̀nà. Mo fún un lọ́mú nígbà tí bàálù ń gòkè, mo fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn nítorí afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an, ṣùgbọ́n mo fi ebi díẹ̀ sílẹ̀ de ìsọ̀kalẹ̀. Àwọn ohun ìṣeré tí mo kó wá, kò wo ojú wọn. Ife oníke àti ìwé ààbò tó wà níwájú wa ló fi pa wákàtí jẹ.

Ìsọ̀kalẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí táyà tó kan ilẹ̀, ẹni tó bá dúró de ìkéde bẹ́líìtì lè ti pẹ́ jù. Mo ti bẹ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ṣáájú: “Ẹ jọ̀ọ́, bí awakọ̀ bá ti fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀, ẹ wá ta mí lólobó.” Kò gbàgbé. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká: “Mọ́mì, ó ti yá o.”

Ọmọ ń sùn. Mo jí i, nítorí ẹni tó ń sùn kì í gbé nǹkan mì tó ẹni tó lajú. Ó bojú jẹ́, mo fi ìgò sí i lẹ́nu. Bó bá fẹ́ sáré mu ún tán, mo á fà á kúrò díẹ̀, kí n tó dá a padà. Nígbà tí ìgò gbẹ, mo fún un lọ́mú. Ọmọ mìíràn ń ké kíkan kíkan lẹ́yìn wa. Tèmi ń mu, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ògiri, títí a fi balẹ̀.

A jẹ́ kí àwọn ènìyàn jáde tán. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ibi tí a ti ń gba ẹrù ni wọ́n gbé e lọ. Mo so àpò ìgbọ́mọ mọ́ àyà, mo gbé ọmọ sínú rẹ̀, a sì lọ tò síbi àyẹ̀wò pásípọ́ọ̀tù.