Ka Irinṣẹ́ Rẹ Kí Bàálù Tó Gbéra

Látìgbà tí wọ́n ti kọ́ pápákọ̀ òfuurufú sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, àwọn ọmọ mẹ́káníìkì ò yé wá bá mi: "Bàbá Sójà, ẹ fọ̀nà iṣẹ́ bàálù hàn wá." Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn. Ẹ́ńjìnnì kọ́ la ó fi bẹ̀rẹ̀, àpótí sípánà ni.

Ra fóòmù líle méjì fún inú àpótí, dúdú kan, pupa kan. Tẹ́ irinṣẹ́ sórí dúdú, fi bírò yí i ká, fi abẹ gé ojú ibẹ̀ yọ, kó o wá lẹ pupa mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ohun tí kò bá sí nípò rẹ̀, pupa á là sí ọ lójú. Sókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì náà, àní àkísà tó o fi ń nu epo, kíkà ni.

Lẹ́yìn náà, fín nọ́ńbà àpótí sára irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Má fi ọ̀dà kọ ọ́. Epo á fọ̀ ọ́ dànù. Nọ́ńbà yìí ló gba àlàyé, torí mo mọ ìwà wa. Ọmọṣẹ́ tó sọ sípánà nù, tó mọ̀ pé ọ̀gá á bú òun tìyá-tìyá, á gun ọ̀kadà lọ sí Ṣágámù, á ra irú ẹ̀, á fi dí ihò. Àpótí pé, ọ̀gá rẹ́rìn-ín, sípánà àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ wáyà tí awakọ̀ fi ń darí ìrù bàálù. Lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì mọ́tò, ẹni tó rà á padà ti san gbèsè. Lọ́dọ̀ tiwa, irọ́ ló pa, àìsí nọ́ńbà lára tuntun náà á sì tú àṣírí rẹ̀. Ibi tí irinṣẹ́ wà là ń wá, kì í ṣe owó rẹ̀.

Ka irinṣẹ́ nígbà tó o bá gbà á, kó o tó dé ojú ibi tó o ṣí, kó o tó kúrò nídìí bàálù kan bọ́ sí òmíràn, àti nígbà tó o bá ń fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹnì kan á máa pè é, ẹnì kejì á máa fọwọ́ kàn án. Má buwọ́ lùwé fún ohun tójú rẹ ò rí. Èyí tó bá kán, kó gbogbo èérún rẹ̀ jọ, kó o tò ó pọ̀ wò bóyá ó pé.

Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ní ìlànà mẹ́ta: òótọ́ ló ṣáájú, iṣẹ́ ìlú ṣáájú ara ẹni, kí gbogbo iṣẹ́ wa sì pegedé. Ó dára púpọ̀. Síbẹ̀, lóṣù kẹta ọdún 2023, ní ibùdó wọn tó ń jẹ́ Luke ní Arizona, wọn ò ka irinṣẹ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n tó tanná sí ẹ́ńjìnnì bàálù ogun F-35 kan. Tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu ibi tó ń fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì gbé e mì. Òfò náà sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Ìlànà ara ògiri kì í bá èèyàn ka tọ́ọ̀ṣì.

Tí ihò kan bá ṣófo, dúró, kígbe sí ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tanná sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bàálù náà pé kò gbọdọ̀ fò. Ẹ tú àpò aṣọ, ẹ wo abẹ́ ìjókòó, ẹ tún gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti dé ṣí. Ìwọ ọ̀gá, má ṣe bú ẹni tó wá jẹ́wọ́. Bó o bá bú u lónìí, ọ̀kadà Ṣágámù ni yóò gùn lọ́la.