Bí mo ṣe kó iṣẹ́ tí ò kánjú sẹ́yìn lórí Linux

Mo ní script kan tó máa ń ka gbogbo fáìlì orí dísìkì mi lọ́kọ̀ọ̀kan láti ṣírò checksum wọn (nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì ti yí padà), iṣẹ́ tí ò kánjú rárá, tó bá wù ú kó parí lọ́la, ohun tí mo ṣáà ń fẹ́ ni pé kó máa ṣe tiẹ̀ nígbà tí CPU bá jókòó lásán. Gbogbo wa la mọ nice, nọ́ńbà tó ń sọ ẹni tó máa ṣíwájú nídìí CPU, ó bẹ̀rẹ̀ láti -20 dé 19, 19 ló gbẹ̀yìn pátápátá, mo bá fi `nice -n 19` ṣáájú script mi, mo lọ ń compile nǹkan nínú terminal míì. Compile yẹn ṣì ń wọ́lẹ̀ bíi pé mi ò ṣe nǹkan kan.

Mo ní kí n dán an wò dáadáa. Mo kọ lúùpù méjì tí ò mọ̀ ju kó jẹ CPU lọ, mo fi taskset so méjèèjì mọ́ core kan ṣoṣo, ọ̀kan wà ní nice 0, ìkejì wà ní 19. Nínú terminal kan náà, top, tó máa ń fi ohun tó ń jẹ CPU hàn, ní ti 0 ń jẹ nǹkan bíi 98%, ó sì bá ìṣirò mu, torí ìwọ̀n tí kernel (ọkàn Linux, tó ń pín CPU) fún nice 0 ni 1024, ti 19 ò ju 15 lọ. Mo wá gbé ti 19 lọ sí terminal kejì, ni wọ́n bá pín in ní dọ́gba o, 50-50!

Autogroup ló wà nídìí ẹ̀, ó ti wà nínú kernel láti 2.6.38, ní 2011. Àwọn process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) tó bá wà nínú session kan náà, bíi àwọn tó wà nínú terminal kan, kernel á kó wọn sí ẹgbẹ́ kan, á kọ́kọ́ pín CPU láàrin àwọn ẹgbẹ́ kó tó wá wo nice ẹni tó wà nínú wọn. Ó ṣáà dà bíi pé àbúrò lo jẹ́ nílé yín, kí ló kan ilé kejì níbẹ̀? Kódà SCHED_IDLE, ipò tó tún rẹlẹ̀ ju nice 19 lọ, tí ìwọ̀n tiẹ̀ jẹ́ 3 péré, inú ẹgbẹ́ náà ló ti ń ka. (Tí `/proc/sys/kernel/sched_autogroup_enabled` bá jẹ́ 1, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, àfi tí process yín bá ti wà nínú cgroup CPU míì (ẹgbẹ́ tí wọ́n dìídì yà sọ́tọ̀), ìyẹn ló máa borí.)

Mi ò pa autogroup o, torí ó dáa, òun ni kì í jẹ́ kí `make -j10` gba gbogbo CPU mọ́ fídíò lọ́wọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ìlà yìí sí òkè script, kí gbogbo ẹgbẹ́ tó wà fúnra ẹ̀ wà ní nice 19:

`echo 19 > /proc/self/autogroup`

mo wá ń fi setsid gbé e dìde kó lè ní session tiẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ terminal tí mo ń tẹ̀ nínú ẹ̀ náà á lọ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni 98% padà.

Ó wá ku dísìkì. `ionice -c 3` ló wà fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo `/sys/block/sda/queue/scheduler`, àwọn scheduler, ìyẹn ohun tó ń to iṣẹ́ dísìkì, ló wà níbẹ̀, èyí tó wà nínú àkámọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Tèmi wà lórí none, none ò sì ka ionice sí rárá, mo fi root yí i sí bfq, fáìlì wá ń ṣí wàrà kódà nígbà tí script ń lọ lọ́wọ́.